Láfún Lórí Àpáta

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fo láfún kọjá lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, bí ẹni ń fo ẹrẹ̀, tí mi ò rí i. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ o. Mo tiẹ̀ máa ń kí ìyá tó ń sá a: "Ẹ kú iṣẹ́ mà." Òun náà á dáhùn láìgbójú sókè: "Ọ̀ọ́, ọmọ mi. Rọra gbẹ́sẹ̀ o, má bá mi tẹ oúnjẹ." Mo ń rọra gbẹ́sẹ̀ lóòótọ́. Inú fóònù ni ojú mi wà.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ ohun tí mò ń wí. Àpáta kì í ṣe nǹkan tí à ń lọ wò lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó wà lábẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó yọrí láàárín ọ̀nà tí ọlọ́kadà fi ń yà fún un. Ilé tiwa yìí, orí àpáta ló jókòó sí. A ń sá aṣọ sí i, a ń sá èlùbọ́ sí i, àwọn ọmọdé ń fi ìdí yọ̀ lórí ẹ̀ títí ṣòkòtò wọn á fi lu. Ibi tó bá sì ti tẹ́jú, tí oòrùn ti ń jó o láti àárọ̀, láfún ló ni ín.

Ìmísí ni mò ń wá nínú fóònù náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì pẹ́ tí mo fi rò pé ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni, pé kí n ṣáà ti tẹ́wọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sára nǹkan tí èèyàn ń tà: ọ̀rá gàrí, páálí ọṣẹ, èèpo ẹ̀yìn ìwé, káàdì ìgbéyàwó, àwọn báàgì aláṣọ tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú àgbà. Bí iṣẹ́ bá ti dé, Pinterest, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń tẹ́wọ́ sí. Màá fi ìka fà á lọ sókè, màá tún fà á, títí ojú á fi máa ta mí. Ògiri aláwọ̀ ọsàn kan ní Mòrókò, mo tọ́jú ẹ̀. Aṣọ kan láti Jàpáànù, mo tọ́jú ẹ̀. Ìgbà tí mo kà á gbẹ̀yìn, ohun tí mo ti tọ́jú síbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹ má bi mí léèrè mélòó nínú ẹ̀ ni mo padà wò.

Oníbàárà kan ló là mí lójú, kò sì là á jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ ọnà kan tí òun máa tẹ̀ sára báàgì, ó ní kó jẹ́ ohun tí ẹni tó bá rí i lókèèrè á ti mọ̀ pé Abẹ́òkúta ló ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Mo ya Olúmọ láti iwájú, mo to òrùlé sísàlẹ̀ ẹ̀, mo fi òbìrìkìtì àdìrẹ ṣe sánmọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbé e sójú fóònù mi. Oníbàárà gbà á, ó dákẹ́ fún odindi ọjọ́ kan, ó wá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Báàgì ni. Wọ́n ti ń tà á níbòmíràn. Olúmọ láti iwájú, òrùlé nísàlẹ̀, òbìrìkìtì lókè. Gbólóhùn kan ló kọ tẹ̀ lé e: "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ya èyí?"

Èmi kọ́. Mi ò sì jí i, mo lè búra. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá inú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn dé ìsàlẹ̀, mo bá a níbẹ̀. Mo ti rí i rí, mo ti tọ́jú ẹ̀, mo ti gbàgbé. Ọwọ́ mi ni kò gbàgbé. Oníbàárà gba owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì jàre.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kẹ́mta. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Aláró ni kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, aláró ni ìyá tó bí i. Mo na fóònù sí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún fi í sójú, ó wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

"Ẹni tó ya èyí, ibo ló dúró sí?"

Mo ní, "Èmi ni mo yà á, Mà."

"Mo gbọ́. Ibo lo dúró sí?"

Mo ní mi ò dúró síbì kankan, pé mo jókòó sínú yàrá ni. Ó dá fóònù padà fún mi. "Ó hàn. Kò lẹ́sẹ̀."

Ó wá ní kí n bá òun fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Àdìrẹ ìyá rẹ̀ ló kún inú ẹ̀, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn bí ẹni ń pe ọmọ wọlé: Òṣùbàmbà. Súnbẹ́bẹ́. Ìbàdàndùn. Nígbà tó kan Ìbàdàndùn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. Igun mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ náà sí. Nínú ọ̀kan, òpó ló tò sí ìdúró, ṣíbí wà láàárín wọn. Òpó Gbọ̀ngán Màpó ni, ilé tí ìjọba òyìnbó kọ́ sórí òkè n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929. Ẹ bá mi rò ó wò. Ilé ràgàjì, òpó gọ̀gọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ kí ọmọ ìlú lè máa gbójú sókè wò ó. Obìnrin kan dúró nísàlẹ̀ òkè yẹn, ó ka àwọn òpó náà, ó délé, ó fi ṣíbí ọbẹ̀ sáàárín wọn. Ó sì sọ aṣọ ọ̀hún lórúkọ pé ìlú òun dùn.

Mo fẹ́ fi ẹnu mú Màmá. Mo fa Olóba yọ, èyí tí orí ọba àti ayaba ìlú òyìnbó wà lára ẹ̀, tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n George Karùn-ún lórí ìtẹ́, ní 1935. Mo ní, "Èyí ńkọ́, Mà? Ta ló dúró níwájú ọba yìí? Ṣebí inú àwòrán ni wọ́n ti wò ó." Inú mi ń dùn. Màmá gbé aṣọ náà sún mọ́ mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi.

"Wo imú ọba. Wo ètè ẹ̀. Ṣé òyìnbó lò ń wò yẹn?"

Mo wò ó. Òyìnbó kọ́. Ọkùnrin tó dá páànù ọnà náà lu (ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin ló sábà máa ń dá páànù lu, obìnrin á fi kun aṣọ) ti wo àwòrán ọba tán, ó sì gbẹ́ ojú tí òun ń rí lójoojúmọ́. Mo ká ẹnu mi sí ibi tó yẹ.

Bí mo ṣe ń ká aṣọ padà ni mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé mo ti mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya ọnà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì mọ́, aró kò ní wọ ibẹ̀, funfun ló máa wà. Mo ní, "Ẹ̀kọ wo gan-an ni, Mà? Ti àgbàdo?"

Ó wò mí bíi pé ọmọ Ẹ̀gbá kọ́ ni mí. "Láfún ni."

Láfún tí à ń rò jẹ yìí náà. Wọ́n á rò ó pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kó lè dì mọ́ aṣọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sí i, tàbí kí wọ́n gbé páànù ọnà lé aṣọ kí wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ ha ẹ̀kọ náà gba ojú ihò kọjá. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti ìkòkò aró dé, tó ti gbẹ, wọ́n á họ láfún yẹn dànù, ọnà á wá yọ. Oúnjẹ ni funfun tó wà lára gbogbo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo ń wò nínú àpótí yẹn.

Mo kọjá lórí àpáta lọ́jọ́ kejì, mo sì dúró.

Ìyá ti sá ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àpáta ń ṣe dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, ìrì ò tíì gbẹ tán lára ẹ̀, láfún sì funfun lórí rẹ̀ bí ẹfun. Kò tẹ́ ẹ kó dọ́gba. Ọwọ́ ló fi tẹ́ ẹ, nítorí náà ojú ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, ìlà mẹ́rin mẹ́rin, tó tẹ̀ bí òṣùpá, ìlà kan ń gun ẹ̀yìn èkejì. Ní etí, láfún náà ti fọ́n sí wẹ́wẹ́, ó ń di èéfọ́, ó ń di eruku, títí àpáta fi gba ipò rẹ̀. Ihò kan wà lára àpáta, omi àná ṣì wà nínú ẹ̀, láfún yí i ká, ó yọ bí ojú. Ewúrẹ́ kan ti rìn gba àárín kọjá. Pátákò rẹ̀ méjì méjì, dúdú nínú funfun, ó wọlé láti igun kan, ó gba ìdábùú jáde, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyá fi ṣe ààlà yí gbogbo rẹ̀ ká.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú mi yẹn, odindi. Mo ti ń fò ó fún ọdún mẹ́ta.

Mo jókòó, mo yọ bírò, ẹ̀yìn rìsíìtì iná mànàmáná ni mo rí yà á sí. Àwòrán náà burú. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ jọ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń yà á ni mo tó rí òkúta ààlà yẹn, nígbà tí ọwọ́ mi ń wá ibi tí yóò parí sí. Nǹkan tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyí, mo sì ń kọ́ ọ lọ: ojú ọ̀lẹ ni ojú mi, á ní òun ti rí i, á máa lọ. Ọwọ́ ló máa ń dá a padà.

Ọ̀rọ̀ aró kò jẹ́ kí n sùn mọ́. Màmá kò ní ìkòkò mọ́, ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣì ń fi èlú ṣe é, ní ìtòsí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta. Àgbàlá kékeré, ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, òórùn tó ń bú èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà. Ewé èlú tútù ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Wọ́n á wá da eérú igi sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, omi á máa gba inú eérú kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀, kán, kán, kò ṣeé kánjú. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ èlú sí, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan. Òrìṣà Ìyá Mọ̀pó ni àwọn àgbà aláró gbà pé ó ni iṣẹ́ náà, bí aró bá sì kọ̀ tí kò mú, wọn kì í dá ẹ̀bi náà ru èlú nìkan.

Obìnrin náà ti aṣọ bọ inú ìkòkò, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó fà á jáde. Ewé! Àwọ̀ ewé ni, ewé tó fẹ́ pọ́n. Mo ti fẹ́ bá a kẹ́dùn. Ó ní kí n dákẹ́ kí n máa wò. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ ṣú. Ó wá ń wọlé, ó ń lé àwọ̀ ewé náà níwájú, ibi tí aṣọ ti ká jọ ṣì ń ṣe ewé nígbà tí gbogbo ìyókù ti ń di aró. Mi ò tíì ka ọgọ́rùn-ún méjì tó fi tán.

"Inú ìkòkò kọ́ ló ti ń di aró," obìnrin náà ní. "Ìta ni. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń tì í bọ̀ ọ́ tí wọ́n ń fà á jáde tó ni yóò ṣe dúdú tó: ayìnrín, wájì, títí dé ẹ̀tù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí òru. Èmi tí wọ́n kọ́ níléèwé pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní, dúdú, funfun, pupa! Ó yẹ kí tíṣà yẹn dé àgbàlá yìí. Àwọn tó sọ pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró, pé àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, wọ́n ti gbé àpótí àwọ̀ wọn sójú ọ̀run kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Kí n má parọ́, kì í ṣe gbogbo Ìtòkú ló rí báyìí. Ní àwọn ọdún 1930 ni kọ́sítíìkì sódà, tó ń gba ipò omi eérú, àti aró òyìnbó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti ààfin, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é pé ó ń ba aṣọ jẹ́. Lónìí, kọ́sítíìkì ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọ́n ń fi fóòmù tí wọ́n gé lọ́nà tẹ àbẹ́là gbígbóná sára gínnì, à ń pè é ní Kàǹpálà, ó sì rẹwà. Mo ní mẹ́rin. Èyí tó ń bí mi nínú ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n gbé wá tà fún wa ní àdìrẹ. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ padà kẹ́ ẹ tó sanwó. Aró gidi máa ń gba inú aṣọ dé òdìkejì. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn á ṣá, á dà bí ẹni tó pa ọṣẹ sójú nìkan. Mo wá ronú pé báàgì tèmi náà, ká ní wọ́n yí i padà, kí ni wọn ì bá rí?

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kéèyàn jókòó sílé. Mo ti lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tí àwọn ère Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ wà káàkiri inú ẹ̀. Mo ya fọ́tò tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, mi ò lè sọ ohun kan pàtó tí mo rí. Ìrìn àjò tó ṣe mí láǹfààní kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ reluwé lọ sí Èkó lọ wo ìpàtẹ àwòrán, mo bá ara mi níwájú iṣẹ́ Yusuf Grillo.

Èkó ni wọ́n bí Grillo sí ní 1934, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2021. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, òun àti Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko àtàwọn mìíràn, tí wọ́n ní àwọn ò ní máa fi ojú òyìnbó nìkan yàwòrán. Uche Okeke padà sídìí uli tí àwọn obìnrin Ígbò ń yà sí ara àti ògiri, iṣẹ́ tí ìyá tó bí i lọ́mọ mọ̀ ọ́n ṣe. Grillo ní tiẹ̀, aró ni. Ẹ lè wo ogún àwòrán rẹ̀, aró ló máa fi kí yín nínú ọ̀pọ̀ wọn: obìnrin onígèlè gíga, awọ ara wọn aró, òjìji wọn aró, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín kọjá bíi gíláàsì aláwọ̀ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ tí òun náà ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá náà fi wá bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Kò rẹ̀ mí. Etí gèlè kan ni mò ń wò, níbi tí aró ti ń di ewé. Mo mọ ibẹ̀! Mo ti dúró síbẹ̀ rí, nínú àgbàlá kan ní Ìtòkú, tí mò ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Mi ò lè sọ pé ìdí aró ló ti mú un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú tèmi ló gbé e lọ síbẹ̀. Ohun tó ṣe fún mi ṣáà ni pé inú mi kò lélẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Mo wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹbúté Mẹ́tta, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ yẹn ń sáré ju kéèyàn ya nǹkan lọ, mo wá fi ṣe òfin pé ohun kan ṣoṣo ni màá mú láàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Agége, okùn aṣọ kan tó gba orí òrùlé méjì. Agbádó, obìnrin tó gbé àwo ẹyin. Kájọlà, mi ò rí nǹkan kan mú, mo ń jẹ gúgúrú. Pápáláńtò, ilẹ̀ pupa tí wọ́n gé bí ẹni gé búrẹ́dì, gbòǹgbò igi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí a fi dé Láderin l'Abẹ́òkúta, ilẹ̀ ti ń ṣú, àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí nínú koríko, mo sì ń kí wọn nínú ọkàn bí ẹni ń kí ará ilé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo padà lọ sórí Olúmọ. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Àlejò ni à ń mú lọ. Mi ò wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn àárín àpáta ni mo gbà, mo kọjá níbi ihò tí wọ́n ní àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, mo jókòó sókè pẹ̀lú ìwé àti àwọ̀ olómi. Gbogbo ẹni tó gun ibẹ̀ ló ń ya fọ́tò òrùlé. Àwọn kan á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òrùlé ìlú wa ti dógùn-ún, bí ẹni ń bá wa dárò. Èmi náà, nínú báàgì tí mo yà lọ́jọ́sí, àwọ̀ kan náà ni mo kùn fún gbogbo òrùlé, àwọ̀ ilẹ̀, ó tán.

Mo gbìyànjú láti po àwọ̀ òrùlé kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn, ilé petéèsì àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn Sàró àti Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n padà dé láti Sierra Leone àti Brazil, ní apá ibi tí Kàtídírà St. Peter wà l'Áké. Wákàtí kan kọjá. Páànù mìíràn lára ẹ̀ ṣì ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí epo tó dì. Òmíràn dà bí ẹ̀yìn ìkòkò. Òmíràn, mo pò ó títí, kò bọ́ sí i, àfìgbà tí mo rántí obì. Tí ẹ bá gé obì jẹ, tí ẹ gbé ìyókù kalẹ̀ gbàgbé, tí ẹ padà dé bá a: àwọ̀ yẹn ni. Mo sì rántí obìnrin aláró. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà, ọ́síjìn inú ẹ̀, ló ń mú ojú obì ṣú, òun ló ń sọ èlú di aró, òun àti òjò ni wọ́n ń mú páànù dógùn-ún. Mo jókòó sórí àpáta, mò ń rẹ́rìn-ín bí wèrè, ọmọ iléèwé kan ń wò mí. Àwọ̀ mẹ́sàn-án ni mo kà lórí òrùlé kan. Mi ò tíì po mẹ́ta pé tí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò pa Pinterest rẹ́. Mo ṣì ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìwé kékeré kan tó ní èèpo dúdú wà nínú báàgì mi, mo sì ń kọ ibi tí mo dúró sí sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: "Kútọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláta." "Lórí afárá Láfẹ́ńwá, odò Ògùn ti kún." "Ìyá onírẹsì Ọ̀fàdà, ewé eéran, iṣan ewé ti yọ sára ìrẹsì." Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúlò fún nǹkan kan. Oníbàárà àkọ́kọ́ yẹn ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó sì ti pẹ́.

Mo fi ọnà láfún yẹn hàn ìyá tó ni ín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti tún un yà ní ìgbà méjìlá, ó ti mọ́: ìlà ìka tó tẹ̀ bí òṣùpá, ihò omi, ààlà òkúta. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́, màá bá wọn tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tí wọ́n á máa fi di láfún tà. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ọ̀rá ṣe, kóńgò lòun fi ń wọ̀n ọ́n. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó mú un jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Ìka rẹ̀ dúró sórí àmì pátákò méjì méjì.

"Ewúrẹ́ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ewúrẹ́ ta ni?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun mọ̀, òun á sì lọ bá a nílé. Ibi tó ti ń dárúkọ ẹni tó ni ewúrẹ́ náà ni òjò fi kán sí wa lórí, ẹ̀kán mẹ́ta ńláńlá, àwa méjèèjì sì dìde pọ̀. A kó o. Mo ń fi ọwọ́ gbá a jọ, òun ń bù ú sínú agbọ̀n, ó ń pariwo pé kí n má fi ti igun yẹn sílẹ̀, pé ìyẹn ló gbẹ jù. Agbọ̀n méjì àti ìdajì. Agbọ̀n tó gbẹ̀yìn wọlé tán kí òjò tó dé gidi, àpáta sì ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí láfún ti wà, tó ṣì ń ràn díẹ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ọwọ́ yẹn náà ni mo fi gbé ìwé. Ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò, funfun, lórí èèpo dúdú. Mi ò tíì nù ún.